Èló Ni Kí N Kọ Sí Rìsíìtì?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ìgbéyàwó, kò sì jẹ mọ́ ìdánwò. Ọ̀rọ̀ rìsíìtì ni. Mo mọ̀ pé rìsíìtì kò dà bí ohun tó yẹ kí èèyàn máa gbé wá síwájú Ọlọ́run nínú àdúrà, ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí ìwé pélébé kan kò ti jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Architecture ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n ní ká lọ kọ́ṣẹ́ níta, ohun tí gbogbo wa ń pè ní IT, Àbújá ni mo lọ, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Iṣẹ́ wọn ni pé, bí bíríkìlà àti káfíńtà bá ti kúrò nínú ilé, àwọn ló máa sọ ibi tí àga yóò wà, irú ọ̀dà tí ògiri yóò gbà, bí iná yóò ṣe tàn tó, àti irú kọ́tìnnì tí yóò wà lójú fèrèsé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà púpọ̀. Òun gan-an ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe bí mo bá jáde.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi rán mi lọ sí ọjà láti lọ ra aṣọ kọ́tìnnì fún màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Yáàdì 24 ni aṣọ náà. Ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ pe yáàdì kan ní ₦4,500. Mo ná an, mo ná an, títí ó fi gbà láti tà á ní ₦3,500. Nígbà tó fẹ́ kọ rìsíìtì, ó gbé bírò sókè, ó wo ojú mi, ó sì bi mí bí ẹni ń béèrè bóyá mo ti jẹun: "Èló ni kí n kọ?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Àbí o ò tíì mọ bí a ṣe ń ṣe é ni? Ní kó kọ ₦4,500." Ó kọ ọ́. ₦1,000 lórí yáàdì kan, lọ́nà 24, ₦24,000 nìyẹn. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, ọ̀gá mi fún mi ní ₦5,000 nínú rẹ̀ pé kí n fi wọkọ̀. Mo gbà á, mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí a fi kọ́tìnnì náà kọ́, Màmá dúró láàárín pálọ̀, wọ́n ń wò ó bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ wọlé. Wọ́n ká rìsíìtì náà, wọ́n tì í sínú èèpo Bíbélì wọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "Ọlọ́run á fi olóòótọ́ bíi tiyín pàdé àwọn ọmọ mi níbikíbi tí wọ́n bá wà."

Mo ní, "Àmín." Àmín yẹn ni mi ò tíì lè gbé mì títí di òní.

Ẹjọ́ ọ̀gá mi

Ó rọrùn kí n pariwo "olè" kí n sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọ̀gá mi ná.

Ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n máa ń sanwó fún télọ̀ àti káfíńtà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kò sì sí ọjọ́ tí mo ti àpò ara mi jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mo fi ọgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ rìsíìtì náà kalẹ̀, wọn kò bínú. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní ìgbà mẹ́rin ni àwọn lọ sí ilé Màmá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn wọn gbogbo fèrèsé, àwọn ya bí àga yóò ṣe tò lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kó àpẹẹrẹ aṣọ lóríṣiríṣi lọ kí Màmá fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tí àwọn wá dárúkọ owó iṣẹ́, Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Owó kí lèyí? Àwòrán orí ìwé yìí náà ni kí n sanwó fún?" Ọ̀gá mi bá yọ owó náà kúrò nínú ìwé ìṣirò.

"Ó dáa," ni ọ̀gá mi wí fún mi, "owó iṣẹ́ kò sí, èrè orí aṣọ kò gbọdọ̀ sí. Ṣé afẹ́fẹ́ ni ká máa jẹ?" Wọ́n tún ní, "Ìyá tó ń ta ata nísàlẹ̀ ilé yìí, ṣé ó máa ń sọ iye tó ra apẹ̀rẹ̀ kan fún ọ? Ta ló pè é lólè rí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ẹni tó bá ní kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀, kò tíì fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun rí.

Ọlọ́jà àti ẹni tí a rán

Nígbà tí mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo rí i pé ọ̀nà méjì ni oníṣẹ́ wa lè gbà dúró níwájú oníbàárà, ọ̀nà méjèèjì ló sì mọ́.

Ó lè dúró bí ọlọ́jà. Bí ìyá aláta ṣe ń ṣe nìyẹn. Owó ara rẹ̀ ló fi ra ọjà. Bí ata bá jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ló pàdánù. Iye tó bá wù ú ló ń pè, oníbàárà lè ná an, oníbàárà sì lè kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ọ̀gá mi bá ti sọ fún Màmá pé, "Mo ń ta kọ́tìnnì yìí fún yín ní ₦4,500 lórí yáàdì kan," tí Màmá sì gbà, kò sí ẹni tó lè bi ọ̀gá mi pé èló ni wọ́n rà á. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ń tajà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ó sì lè dúró bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Níbi yìí, owó oníbàárà ló mú lọ sí ọjà. Bí nǹkan bá wọ́n sí i, oníbàárà ni yóò fi kún un. Ohun tí oníbàárà gbójú lé ni pé ẹni yìí mọ ọjà ju òun lọ, yóò sì bá òun wá èyí tó dára ní owó tó mọ níwọ̀n. Ẹ rántí ìgbà tí a wà ní kékeré. Bí ìyá wa bá fún wa ní ₦200 pé ká lọ ra iyọ̀, tí oníyọ̀ sì dín ₦20 kù fún wa, ta ló ni ₦20 yẹn? "Ṣéńjì mi dà?" ni ìyá yóò kọ́kọ́ béèrè kó tó gba iyọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó lè fi ₦20 náà ta wá lọ́rẹ, ó lè ní ká fi ra gúgúrú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni yóò ti wá.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọgbọ́n nìkan ni òwe yẹn ń kọ́ wa, pé kéèyàn tún ọ̀rọ̀ tí kò sunwọ̀n ṣe kó tó lọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní báyìí, mo rí i pé ó tún ń sọ irú ẹni tó yẹ ká jẹ́ lójú ọ̀nà, nígbà tí ẹni tó rán wa kò rí wa. Ọmọ mọ̀ pé ohun ilé bàbá òun ni òun gbé dání, kò ní jẹ́ kó jò.

Àbùkù tó wà nínú rìsíìtì tiwa nìyí: a dúró bí ẹni tí a rán, a sì jẹ èrè bí ọlọ́jà. A sọ fún Màmá pé à ń bá wọn ra ọjà ni, a sì mú ìwé wá fi hàn wọ́n pé iye tí a rà á rèé. Ìwé náà purọ́. Ìbéèrè tí mo wá bi ara mi ni pé, bí owó yẹn bá jẹ́ ẹ̀tọ́ wa lóòótọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ pé àfi ká kọ irọ́ sílẹ̀ kó tó lè dé ọwọ́ wa?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Àríwá níbí mọ àwọn dillali. Ní ọjà màlúù, dillali ló ń wà láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, owó tirẹ̀ ni àwọn Hausa sì ń pè ní la'ada. N kò rí ẹni tó ń pe la'ada ní olè jíjà, torí pé gbogbo ọjà ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Owó tí gbogbo ọjà mọ̀ kò nílò òkùnkùn.

Òfin pàápàá ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ẹjọ́ rí láàárín ẹnìkan tó ń jẹ́ Hippisley àti ilé iṣẹ́ Knee Brothers, tó bá a ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Àdéhùn wọn ni pé Hippisley yóò san owó iṣẹ́ fún wọn, yóò sì dá owó tí wọ́n bá ná sórí ìwé títẹ̀ àti ìpolówó padà. Àwọn òǹtẹ̀wé àti àwọn oníwèé ìròyìn fún Knee Brothers ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n iye tí kò dín ni wọ́n kọ fún Hippisley. Wọ́n ní àṣà iṣẹ́ àwọn ni. Ilé ẹjọ́ gbà pé wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́ ọkùnrin náà jẹ, nítorí náà wọ́n fi owó iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Láti ara òfin Gẹ̀ẹ́sì ni òfin wa ní Nàìjíríà ti mú ìlànà kan náà, pé aṣojú kò gbọdọ̀ jẹ èrè tí ẹni tó rán an kò mọ̀ nípa rẹ̀. "Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é" kò sọ owó olówó di tiwa.

Oníṣẹ́ ọnà tó ní ó tó

Ẹni tí mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa ni Besaleli. Nínú Ẹ́kísódù orí 31, Ọlọ́run dárúkọ ọkùnrin kan pé Òun ti fi Ẹ̀mí Òun kún un. Bí ẹ bá ń retí wòlíì tàbí àlùfáà níbẹ̀, ẹ ó rí oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ẹ bá sì dé orí 36, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni aṣọ títa: aṣọ mẹ́wàá, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 28, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 4. Kọ́tìnnì ni, ẹ̀yin ará! Bí ẹnìkan bá tún sọ fún yín pé iṣẹ́ inú ilé ṣíṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni ẹ̀mí, ẹ ṣí ibẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó rán aṣọ náà. Àwọn èèyàn ń mú ọrẹ wá láràárọ̀, wọn kò dákẹ́. Gbogbo àwọn oníṣẹ́ náà dìde lẹ́nu iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ bá Mósè, wọ́n sọ fún un pé ohun tí wọ́n ń mú wá ti ju ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ lọ. Mósè sì kéde ní ibùdó kí ẹnikẹ́ni má mú nǹkan wá mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo lẹ gbọ́ rí pé agbaṣẹ́ṣe lọ bá ẹni tó gbéṣẹ́ fún un pé, "Owó yín ti pọ̀ jù, ẹ dáwọ́ dúró"? Wúrà àti fàdákà ló wà níwájú wọn, kò sì sí ẹni tó mọ iye tó yẹ kí iṣẹ́ náà gbà bí kò ṣe àwọn fúnra wọn. Bí wọ́n bá dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀?

Lẹ́yìn náà ni orí 38, tí púpọ̀ nínú wa máa ń fò kọjá nígbà tí a bá fẹ́ ka Bíbélì tán lọ́dún kan. Ìṣirò ló kún ìparí rẹ̀. Wúrà, tálẹ́ńtì 29 àti ṣékélì 730. Fàdákà, tálẹ́ńtì 100 àti ṣékélì 1,775. Idẹ, tálẹ́ńtì 70 àti ṣékélì 2,400. Tálẹ́ńtì 100 fàdákà yẹn, ihò ìtẹ̀bọ̀ 100 ni wọ́n fi dà, tálẹ́ńtì kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣékélì 1,775 tó kù, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi í ṣe pẹ̀lú: ara rẹ̀ ni ìkọ́ àwọn òpó wà. Wọ́n ka ìkọ́! Ẹni tó sì bójú tó ìṣirò náà ni Itamari ọmọ Aaroni, kì í ṣe Besaleli tó ṣe iṣẹ́ náà. Ọkùnrin tí Ẹ̀mí Ọlọ́run kún kò bínú pé, "Àbí ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

Ẹnìkan lè fi 2 Àwọn Ọba orí 12 dá mi lóhùn. Níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń tún ilé Olúwa ṣe ní ayé ọba Jehoaṣi, wọn kò bi àwọn tó ń gba owó fún àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ìṣirò, nítorí pé olóòótọ́ ni wọ́n. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tó yọ̀ǹda. Àwọn tó kó owó sílẹ̀ ló ní àwọn kò ní béèrè, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ ló ní kí wọ́n má béèrè. Ìfọkàntán jẹ́ ohun tí oníbàárà ń fún wa. Ní ọjọ́ tí a bá fi dí i lójú, a ti jí i.

Ìbẹ̀rù ló bí i

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi kò kúrò lọ́kàn mi: ṣé afẹ́fẹ́ ni ká máa jẹ? Mo ti wá gbà pé rìsíìtì yẹn kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjà. Inú pálọ̀ Màmá ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ìgbà tí Màmá rẹ́rìn-ín tí ọ̀gá mi sì yọ owó iṣẹ́ kúrò. Wọ́n bẹ̀rù pé iṣẹ́ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Owó tí wọ́n bẹ̀rù láti béèrè níṣojú ni wọ́n lọ mú lẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ rìsíìtì tó mọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń dárúkọ owó iṣẹ́ láìmi. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Elsie de Wolfe, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ wa yìí di iṣẹ́ tí à ń gbowó lé lórí. Òṣèré orí ìtàgé ni tẹ́lẹ̀. Ní 1905, wọ́n gbé iṣẹ́ Colony Club fún un, ilé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní New York. Nígbà tí Henry Clay Frick, olówó ńlá kan, ń kọ́ ilé rẹ̀ sí Fifth Avenue, ó ní kí Elsie bá òun ṣe àwọn yàrá ẹbí tó wà lókè. Ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí ohun tó bá bá Frick rà ni owó tirẹ̀. Owó ńlá lèyí mú wọlé fún un, ṣùgbọ́n Frick mọ̀, òun ló sì ń san án.

Àdéhùn tó mọ́ bẹ́ẹ̀ pàápàá ní ìdẹwò tirẹ̀. Bí owó mi bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ bá rà, bí àga yín bá ṣe wọ́n tó ni àpò mi yóò ṣe wú tó. Ta ni yóò wá sọ fún yín pé ó tó, bí àwọn oníṣẹ́ Mósè ti sọ?

Ọ̀nà tí a sábà máa ń gbà gbowó nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ mẹ́rin. Èkíní, iye kan ṣoṣo fún gbogbo iṣẹ́, tí a ti fẹnu kò lé lórí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, owó wákàtí. Ẹ̀kẹta, ìdá kan nínú owó tí oníbàárà bá ná sórí iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹrin, kí a ra ọjà kí a sì fi èrè tiwa lé e bí ọlọ́jà. Iye kan ṣoṣo lè mú ni fi ìkánjú ṣiṣẹ́. Owó wákàtí lè mú ni fa iṣẹ́ gùn. Ìdá lè mú ni yan èyí tó wọ́n jù. Èrè orí ọjà lè mú ni yan ibi tí èrè pọ̀ sí dípò ibi tí aṣọ ti dára. Fún àwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, iye kan ṣoṣo ni mo fara mọ́, torí pé bí mo bá rí aṣọ tó dára ní owó pọ́ọ́kú, inú èmi àti oníbàárà yóò jọ dùn ni. Èyí tó wù kí o yàn, ohun kan ni kí o fi dán an wò: ṣé o lè sọ ọ́ lójú oníbàárà láìwo ilẹ̀?

Kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé àdéhùn ojú ewé kan ti tó. Kọ ohun tí o máa ṣe àti ohun tí o kò ní ṣe. Kọ iye owó iṣẹ́ àti ìgbà tí wọn yóò san án, èló ṣáájú, èló bí iṣẹ́ bá parí. Kọ iye ìgbà tí o máa tún àwòrán yà lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjà bá gbówó lórí kí ẹ tó rà á, nítorí ní ìlú wa yìí, iye tí a pè lónìí lè má jẹ́ iye ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kọ ẹni tó ni ẹ̀dínwó. Kí o sì ya owó oníbàárà sọ́tọ̀ ní báńkì, kí o má baà fi àsansílẹ̀ Bàbá kan parí pálọ̀ Màmá mìíràn.

Nígbà tí o bá wá jókòó sí pálọ̀ wọn, sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Mà, owó iṣẹ́ mi ni ₦60,000. Ọjà tí mo bá bá yín rà, iye tí mo rà á gan-an lẹ máa rí nínú rìsíìtì. Bí wọ́n bá dín in kù fún mi, tiyín ni." Àwọn mìíràn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì pe ẹlòmíràn. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo ẹni tó bá ṣòótọ́ ni iṣẹ́ yóò máa rọ́ wá bá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bọ́ níbẹ̀, ó bọ́ nínú ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń kọ́lé, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ẹ máa ń pe àwa ọmọ inú ìdàpọ̀ pé ká wá bá yín tún ilé ṣe, nítorí "ọmọ wa ni, kò ní gbowó." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Jeremáyà orí 22. Ọba kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ yàrá òkè gbígbòòrò, fèrèsé tó pọ̀, ara ògiri tí a fi igi kedari bò, àti ọ̀dà pupa. Ohun tí Olúwa bá a jà fún ni pé ó ń mú ọmọnìkejì rẹ̀ ṣiṣẹ́ lásán, kò san owó ọ̀yà rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti san owó ọpọlọ níwájú kò ní àṣẹ láti kọ irọ́ sí rìsíìtì fún wa, bẹ́ẹ̀ náà ni kò mú ẹ̀ṣẹ̀ wa fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìdẹwò wa.

Bí ọ̀rọ̀ tèmi ṣe rí

Kí IT mi tó parí, mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo fẹ́ dá ₦5,000 tèmi padà fún Màmá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìyẹn ti ọwọ́ rẹ nìyẹn. Má dárúkọ mi."

Mo pe Màmá. Mo sọ fún wọn pé ₦5,000 kan wà nínú owó kọ́tìnnì wọn tó bọ́ sí ọwọ́ mi lọ́nà tí kò tọ́, mo sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn. Èló gan-an ni yáàdì kan?" Mo fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá purọ́ níbẹ̀, kí ni mo tún pè wọ́n fún? Mo ní, "₦3,500 ni, Mà."

Ẹ má gbàgbé pé tíṣà ni Màmá. Wọn kò lo kọ̀ǹpútà, wọn kò lo fóònù. Wọ́n ní, "₦24,000 nìyẹn. Àti ₦19,000 tó kù ńkọ́?"

Mo ní, "Mà, kò sí lọ́wọ́ mi."

Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Ní kí ọ̀gá rẹ wá kí mi."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá mi kò gbé ìpè mi mọ́. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí n tó lè gba máàkì IT mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń gbàdúrà fún wọn lójoojúmọ́, kì í ṣe nítorí fọ́ọ̀mù nìkan. Wọ́n kọ́ mi níṣẹ́, mo sì fẹ́ kí àwọn náà rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá rántí mi, ẹ bá mi dá sí i.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọlọ́jà yóò tún gbé bírò sókè, tí yóò wo ojú ìwọ náà, ìbáà jẹ́ aṣọ lo fẹ́ rà, ìbáà jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ìbáà jẹ́ oògùn fún ilé ìwòsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́. Má ṣe dúró di ọjọ́ náà kí o tó wá èsì. Èsì tèmi ti wà nílẹ̀ báyìí: "Kọ ohun tí mo san."

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti béèrè owó wa níṣojú, kí a má baà mú ti olówó lẹ́yìn. Nígbà tí ìyá kan bá sì tún gbé ọwọ́ lé wa lórí, tó pè wá ní olóòótọ́, kí a lè ṣe àmín kí ó sì gba ọ̀nà ọ̀fun wa kọjá.